Orí Ń Fọ́ Ọ, A Fún Un Ní Párásítámọ́ọ̀lù Méjì

Ẹ káàsán o. Wọ́n fún mi ní ogójì mínítì, ẹ dákun ẹ bá mi máa wo aago, torí tí n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi mi ò kí ń mọ ìgbà tílẹ̀ ń ṣú. Ọ̀rọ̀ atukọ̀ tí ọpọlọ ẹ̀ dàrú lẹ́nu iṣẹ́ àti owó gbà-má-bínú tó tọ́ sí i ni mo bá wá. Kí n tètè sọ ọ́ pé mi ò kí ń ṣe lọ́yà. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí òkun kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́, báyìí ọ́fíìsì lọ́yà kan l'Ápápá ni mo wà, èmi ni mò ń to ìwé àwọn símáànù, èmi ni mò ń pe ìyàwó wọn lórí fóònù, èmi náà ni mò ń bá dókítà tó kọ̀wé bí ẹsẹ̀ adìẹ jà pé kó tún un kọ. Torí náà ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi lónìí, inú fáìlì ló ti wá, apá kan ẹ̀ sì ti inú kábììnì wá.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà kan nínú logbook, ìwé tá a ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ọkọ̀ sí. Ọdún 2020 ni, Kòrónà ti mú kí wọ́n ti èbúté pa káàkiri ayé, kò sẹ́ni tó lè sọ̀ kalẹ̀ kò sẹ́ni tó lè gòkè wá gbapò ẹnì kejì, àjọ IMO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé, sọ nígbà yẹn pé àwọn tí kọ́ńtíráàtì wọn ti parí tí wọ́n há sórí omi tó 400,000. Èmi náà wà lára wọn. Ọkọ̀ tó ń kó èédú la wà, a sì ní òyìlà kan, ìyẹn ẹni tó ń fi òróró sí ẹ̀rọ nínú ẹ́ńjìn, ọmọ Philippines, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá èèyàn fa nǹkan, tó bá ti ṣíwọ́ nínú ẹ́ńjìn kó wẹ̀ kó jẹun kó pe ìyàwó ẹ̀ ni. Kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́sàn-án ló bá wá, ó ti ń lo oṣù kẹrìnlá, bẹ́ẹ̀ oṣù mọ́kànlá ni òfin àgbáyé fààyè gbà kéèyàn lò lórí ọkọ̀ láì fojú kan ilé. Nígbà tó yá, tó bá ti di agogo méjì òru, á jí, á lọ sí yàrá ìfọṣọ, á fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, èyí tó ní òun máa wọ̀ délé, á wọ̀ ọ́, á wọ bàtà, á di okùn ẹ̀ dáadáa, á wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì á gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́ á bọ́ ọ, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Kúùkù ló kọ́kọ́ rí i torí òun ló máa ń jí láti po búrẹ́dì. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, kó tó wá sọ fún wa pé ẹ́ńjìn nọ́ńbà méjì ń fi ohùn ìyá òun pe òun.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé: "Orí ń fọ́ ọ, a fún un ní párásítámọ́ọ̀lù méjì." Ó tán. Ṣẹ́ẹ̀tì ò sí níbẹ̀, bàtà ò sí níbẹ̀, ìyá tó ń pèèyàn látinú ẹ́ńjìn ò sí níbẹ̀. Second mate, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọkọ̀, tó kọ ọ́ kì í ṣèèyàn burúkú o, òun náà ti rẹ̀ ẹ́ títí ó fẹ́ ṣubú, àti pé kí lẹ fẹ́ kó kọ gan-an? Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kọ irú ẹ̀. Tí irin bá já lu èèyàn lẹ́sẹ̀, fọ́ọ̀mù wà fún un, a mọ ibi tá a máa fa ìlà sí lára àwòrán èèyàn tó wà níbẹ̀. Èyí ò ní ibi tá a lè fa ìlà sí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú délẹ̀, ìlà yẹn náà ni kọ́ńpìnì fà yọ. Wọ́n ní ẹ wò ó, orí fífọ́ ni, a tọ́jú ẹ̀, ó ti tán.

Ẹ máa ní kí ló wá kan ìwọ Ọmọ Yorùbá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Philippines. Ó kàn mí torí pé àwọn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ṣàṣà ni ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀ tẹ́ ò ní bá wọn níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé òpópónà Kalaw ní Manila lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Luneta ẹ máa rí àwọn símáànù tó dúró bí èrò ọjà, tí àwọn ájẹ́ǹtì ń gbé pátákó kiri pé à ń wá bósùn, ìyẹn olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì, à ń wá kúùkù. NIMASA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, tiẹ̀ rán lára àwọn ọmọ tiwa lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ ètò NSDP tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn atukọ̀ wa. Àmọ́ ìdí tó jù ni pé ìjọba wọn ló kọ kọ́ńtíráàtì kan ṣoṣo fún gbogbo atukọ̀ wọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkèèrè, POEA-SEC ni wọ́n ń pè é, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2010 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ilé-ẹjọ́ wọn sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dá ẹjọ́ lórí ẹ̀, débi pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òfin ṣe ń ṣe nígbà tí ọpọlọ atukọ̀ bá dàrú, ibẹ̀ ló ti máa rí i kedere ju ibikíbi lọ. Ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé lọ́wọ́: òfin yẹn ò kọ àrùn ọpọlọ o, àmọ́ ẹni tí orí ẹ̀ ti dàrú ló ń bi ní ìbéèrè tó jẹ́ pé ẹni tí orí ẹ̀ pé pérépéré nìkan ló lè dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣí kọ́ńtíráàtì yẹn. Abala 20 ni ọ̀rọ̀ wà. Tí iṣẹ́ bá ṣàkóbá fún ẹ láàárín ìgbà tí kọ́ńtíráàtì ẹ ń lọ, kọ́ńpìnì máa tọ́jú ẹ, wọ́n á dá ẹ padà sílé, wọ́n á máa san owó oṣù ẹ bó o ṣe wà lórí ìdùbúlẹ̀, àmọ́ kò ní ju 120 ọjọ́ lọ. Tí ara ò bá yá tán, dókítà kọ́ńpìnì máa wọn àléébù tó kù sí ẹ lára, ìpele 14 ni wọ́n pín in sí. Ìpele kìíní jẹ́ 60,000 dọ́là Amẹ́ríkà, ti kẹrìnlá jẹ́ 1,870. Ẹni tó bá wà lábẹ́ àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé àárín 60,000 àti 1,870, ilé ni, owó iléèwé ọmọ ni, ìdí nìyẹn tí ìjà fi máa ń gbóná.

Ibi tí wọ́n ti kọ ti orí sínú lísìtì àléébù, wọ́n dárúkọ àrùn ọpọlọ o, wọ́n tiẹ̀ pín in: èyí tó le débi pé ẹlòmíì ló máa máa tọ́jú ẹ wà nípele kìíní, èyí tó wà láàárín wà nípele kẹfà, èyí tó fúyẹ́ wà nípele kẹwàá. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé síwájú gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní ìpalára orí tó yọrí sí àwọn nǹkan yìí. Ìyẹn ni pé kí irin já lù ẹ́ lórí, kó o já bọ́ látorí àkàbà wọnú hóòlù, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí nísàlẹ̀ ọkọ̀, ọpọlọ ẹ wá dàrú látibẹ̀. Ẹni tí irin kankan ò já lù ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé àìsùn, ìdánìkanwà, èébú ọ̀gá, ìjì, ọlọ́ṣà ojú omi ló da orí ẹ̀ rú? Lọ́yà kọ́ńpìnì á ní ẹ fi ọgbẹ́ hàn mí. Kò sí ọgbẹ́.

Ibòmíì nínú kọ́ńtíráàtì kan náà wá ní, àìsàn tí kò bá sí nínú lísìtì, ká gbà pé iṣẹ́ ló fà á títí kọ́ńpìnì á fi fi ẹ̀rí hàn pé iṣẹ́ kọ́. Ó dùn létí àbí? Àwọn kóòtù wọn ti wá là á fún wa lọ́pọ̀ ìgbà pé ìyẹn nìkan ò tó, atukọ̀ ṣì máa fi hàn pé ohun tó wà nínú iṣẹ́ òun ló mú kí àìsàn náà wá tàbí kó le sí i. Dókítà kọ́ńpìnì sì ní orin kan tí wọ́n máa ń kọ, mo ti rí i nínú ìwé tó pọ̀ tí mo fẹ́ẹ̀ lè kà á lórí: wọ́n á ní àtinú ìdílé ni, inú ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́. Síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà ò tì pa. Ní 2006, ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá nínú ọkọ̀, tí ọpọlọ ẹ̀ dàrú lórí omi, dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn, wọ́n sì gbè é, wọ́n kà á sí ẹni tí iṣẹ́ ti sọ di aláàbọ̀ ara pátápátá torí ó lé ní 120 ọjọ́ tí kò fi lè ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé pátápátá níbí ò túmọ̀ sí pé èèyàn ò lè gbé ìgbálẹ̀ mọ́ o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò lè ṣe irú iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe tó fi ń jẹun.

Àwọn ọjọ́ yìí ń dà á rú fáwọn èèyàn, ẹ jẹ́ n yára sọ ọ́. Dókítà kọ́ńpìnì gbọ́dọ̀ sọ ìdájọ́ ẹ̀ tó kẹ́yìn láàárín 120 ọjọ́. Láti 2008 ni ilé-ẹjọ́ ti ní ó lè di 240 tí ìtọ́jú bá ṣì ń lọ, ní 2015 wọ́n tún fi kún un pé dókítà gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi tó fi sún un síwájú, tí kò bá sọ nǹkan kan tí ọjọ́ fi pé, òfin fúnra ẹ̀ á sọ ẹ́ di aláàbọ̀ pátápátá. Tí dókítà tìẹ bá wá sọ ohun tó yàtọ̀, ẹ̀yin méjèèjì máa jọ yan dókítà kẹta, ohun tó bá sọ labẹ gé. Ẹni tí kò bá béèrè dókítà kẹta, ti kọ́ńpìnì ni kóòtù sábà máa ń gbé jókòó. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ibẹ̀ yẹn ló ti kú.

Àmọ́ ká tó débẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta wà. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn tó o bá délé, o gbọ́dọ̀ lọ fara ẹ han dókítà kọ́ńpìnì, tó ò bá lọ o ti pàdánù ẹ̀tọ́ ẹ nìyẹn. Wọ́n ní àyàfi ẹni tí ara ẹ̀ ò bá lè gbé e, ìyẹn á kọ lẹ́tà sí ájẹ́ǹtì láàárín ọjọ́ mẹ́ta kan náà. Ẹ gbọ́ ọ: ara. Ẹ wá bá mi wo òyìlà yẹn. Wọ́n já a sí Manila ní agogo mẹ́rin ìdájí, ó rò pé ọkọ̀ ló ṣì wà, ó ń bẹ̀rù láti wọ lift torí ó ń dún bí ẹ́ńjìn nọ́ńbà méjì. Ẹsẹ̀ ẹ̀ pé, ọwọ́ ẹ̀ pé, ara ẹ̀ gbé e dáadáa. Ẹni yìí lẹ ní kó rántí ọjọ́ mẹ́ta, kó wá ọ́fíìsì lọ, kó tò sórí ìlà, kó fọwọ́ síwèé? Ìyàwó ẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ ájẹ́ǹtì lọ́jọ́ kejì, torí kúùkù wa ti fi voice note ránṣẹ́ sí i látorí ọkọ̀ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Orí ló yọ wọ́n.

Òmíì tún wà tí mo kórìíra jù nínú gbogbo ẹ̀. Kó o tó wọ ọkọ̀, wọ́n á yẹ ara ẹ wò, fọ́ọ̀mù á bi ẹ́ léèrè pé ṣé o ti ní àrùn ọpọlọ rí. Tó o bá purọ́, tí wọ́n bá mú ẹ, abala 20 kan náà ní kò sí owó fún ẹ. Tó o bá sọ òótọ́, ta ló máa gbé ẹ? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí atukọ̀ tí kò rí oorun sùn fún oṣù méjì fi máa ń sọ fún dókítà pé òun wà pa. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù Yábàá Lẹ́fútù níbí náà ni wọ́n ń bẹ̀rù ìwé yẹn lọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n á wá fa "mo wà pa" yẹn yọ ní kóòtù.

Ó kù díẹ̀ kí n dákẹ́ lórí Philippines, àmọ́ mi ò lè kúrò níbẹ̀ kí n má sọ̀rọ̀ àwọn tó fò sómi. Ẹ forí jì mí tó bá wúwo. Kọ́ńtíráàtì yẹn ní kò sówó fún ikú tàbí àléébù tó bá jẹ́ àfọwọ́fà, àmọ́ kọ́ńpìnì ló máa fi ẹ̀rí hàn pé àfọwọ́fà ni. Ẹjọ́ kan wà tí ilé-ẹjọ́ dá ní 2012: ọkùnrin náà fò sómi, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ẹnì kan ṣọ́ ọ, ó tún fò, ó sì kú. Èmi tí mo ti gbé orí ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá sọ fún mi pé ẹnì kan fò sómi lẹ́ẹ̀mejì lójú àwọn tó ń ṣọ́ ọ, mi ò nílò dókítà tó máa sọ fún mi pé ọpọlọ ẹ̀ ò sí nílé. Kóòtù nílò ẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìwé dókítà, kò sí ẹ̀rí pé ó ti ya wèrè, ìyàwó ò rí nǹkan kan gbà. Ní 2014 wọ́n tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ míì, pé tí kọ́ńpìnì bá ti fi hàn pé ńṣe ló fò, ẹbí ló kù tó máa fi hàn pé ọpọlọ ẹ̀ ò pé nígbà tó ń fò. Ẹbí tó wà ní ilé. Tí ọkọ̀ wà láàárín òkun. Níbo ni kí wọ́n ti rí i?

Bẹ́ẹ̀ ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ ohun tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, ní 1996. Òyìlà ni ìyẹn náà. Ní 1989 wọ́n já a kalẹ̀ ní Dubai, wọ́n fi í sínú ọkọ̀ òfúrufú lóun nìkan, kó gba Bangkok kọjá lọ sílé. Ó bọ́ọ́lẹ̀ ní Bangkok, kò wọ èyí tó kàn, ó ń rìn kiri ìlú tí kò mẹnì kankan, tí kò gbọ́ èdè wọn, nígbẹ̀yìn ó yọ ọ̀bẹ sí ọlọ́pàá, wọ́n yìnbọn pa á. Kọ́ńpìnì ní òun ló wá ikú ara ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní rárá o, ẹni tí ò ní ìjánu ọpọlọ ara ẹ̀ mọ́ ò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan, àti pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ sọ́nà láìsí ẹni tó máa fà á lọ́wọ́, ẹ̀bi yín ni, ẹ sanwó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ẹjọ́ yẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀ mo lọ dúró síta. Torí ńṣe là ń fi òwe "Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ" ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ ìgbà tí ẹ bá rí i nínú fáìlì, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ìrìnnà àti orúkọ ìyàwó, ẹ̀fẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó dáa, ti gbogbo ayé. MLC 2006, ìyẹn Maritime Labour Convention, ni òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ti àwọn atukọ̀, Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2013. Ó ní oníọkọ̀ ló máa gbé ìnáwó àìsàn ẹ, tí òfin orílẹ̀-èdè bá máa fi ìdiwọ̀n sí i, kò gbọ́dọ̀ dín sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Láti January 2017, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé íńṣọ́ránsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lè rí i, pé owó wà fún ikú àti àléébù tí iṣẹ́ bá fà, àti pé wọn ò gbọ́dọ̀ fagídí mú ẹ gba èyí tó dín. Ẹ̀yin ọmọ kádẹ́ẹ̀tì, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó wá wíìfì, ẹ wá ìwé yẹn, ẹ fi fóònù ya á, ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Láti 2020 wọ́n tún fi kún un pé tí ọlọ́ṣà bá jí ẹ gbé, owó oṣù ẹ á máa wọlé títí wọ́n á fi tú ẹ sílẹ̀. Àwa tá a mọ omi wa níbí, a mọ ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì. Ti wíìfì náà ti wọnú òfin, láti December 2024. Ẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀ lánàá àti ẹni tó gbọ́ ọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ilé wá ńkọ́? Ibi tí èyí ti yà mí lẹ́nu nìyí. Òfin Employees' Compensation Act ti 2010, èyí tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń bójú tó, tí agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sí, abala 8 ẹ̀ dárúkọ másùnmáwo ọpọlọ tààrà. Kò ní kí irin já lu ẹnikẹ́ni lórí. Ó ní tí ìṣẹ̀lẹ̀ òjijì tó dẹ́rù bani bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó da ọpọlọ ẹ rú, tàbí tí dókítà tí òfin mọ̀ bá sọ pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí ló fà á, o lẹ́tọ̀ọ́ sówó. Lójú tèmi, ìwé yìí dáa ju ti Philippines lọ. Ẹni tí ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láé, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò fún un lóṣooṣù. Àmọ́ mélòó nínú yín ló ti gbọ́ nípa abala 8 rí? Ẹ nawọ́. Ẹ ò rí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá lo máa sọ fún agbanisíṣẹ́, òun náà ní ọjọ́ méje láti sọ fún NSITF, ọdún kan sì ni ìwé tìẹ ní láti fi wọlé. Kọ́ńpìnì tí ò san owó yẹn rí ńkọ́, tó jẹ́ pé abẹ́ igi ló ti gbà yín síṣẹ́? Ìyẹn di ti kóòtù, National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ohun tó ń pa wá níbí ni pé tí ọkọ bá ti òkun dé tó ń sọ̀rọ̀ sódì, ilé á ní òkun ló mú un, Olókun ló ń pè é, wọ́n ti ṣe é, ará ibi iṣẹ́ ló fi nǹkan sóúnjẹ ẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ sórí òkè àdúrà ní ogójì ọjọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà o, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ogójì ọjọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti wà nínú ẹ̀. Ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà kọjá lọ sórí òkè, kó kọ ọjọ́ àti ohun tó rí, kó tẹ sítáńpù lé e, ẹ wá máa lọ. Ẹlòmíì tún ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, torí pé ẹni tó gbìyànjú láti para ẹ̀, abala 327 nínú Criminal Code ṣì kà á sí ọ̀daràn, ni wọ́n á bá ní ńṣe ló yọ̀ ṣubú sómi. Tó o bá ti sọ pé ó yọ̀, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ti jáde nínú ẹjọ́ nìyẹn. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2023 ti lé òfin wèrè ti ayé òyìnbó lọ, àmọ́ 327 ṣì wà níbẹ̀.

Kí wá ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè ṣe? Kó kọ ohun tó rí. Má kọ wèrè, má kọ pé orí ẹ̀ ti yí, ìwọ kọ́ ni dókítà, àti pé lọ́yà wọn á fi ìyẹn fọ́ ẹ lẹ́nu. Kọ aago, kọ ohun tí ojú ẹ rí, kọ ohun tí ẹnu ẹ̀ sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. "Agogo méjì òru, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà, ó gbé báàgì lẹ́sẹ̀, ó ní ọkọ̀ tó ń gbé òun lọ sílé ti dé." Kọ iye wákàtí tó fi sinmi, torí òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín sí mẹ́wàá lójúmọ́ àti 77 lọ́sẹ̀, ẹ sì mọ̀ bí mo ṣe mọ̀ pé ìwé wákàtí ìsinmi lórí ọkọ̀ mìíì dà bí ìtàn àròsọ. Tí wọn ò bá jẹ́ kó o kọ ọ́ sí logbook, kọ ọ́ sí fóònù ẹ, fi ránṣẹ́ síra ẹ lórí WhatsApp kí ọjọ́ lè wà lára ẹ̀.

Ohun tó gba òyìlà wa là nìyẹn. Kúùkù ti ń fi voice note ránṣẹ́ sí ìyàwó tiẹ̀ lálaalẹ́, ó ń rojọ́ pé ọ̀gbẹ́ni yìí tún ti ń lọ aṣọ o, ẹ̀rù ń bà mí o. Mọ́kàndínlógún. Ọjọ́ àti aago wà lára gbogbo wọn. Èmi náà kọ̀wé, mo búra lé e lórí níwájú lọ́yà kan l'Ékòó, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Manila. Nígbà tí lọ́yà ẹ̀ tẹ voice note kẹta fún wọn, ẹni tó jókòó fún kọ́ńpìnì ní ó tó, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ̀rọ̀. Wọ́n yanjú ẹ̀ kí ìdájọ́ tó wáyé, mi ò ní sọ iye tí wọ́n san torí wọ́n fọwọ́ sí i pé wọn ò ní sọ. Kò padà sórí omi mọ́. Mo gbọ́ pé ó ní sọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fọṣọ, tí wọ́n ń lọ aṣọ, ìyàwó ẹ̀ ló fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Mo gba ìbéèrè kan. Ẹ̀yin ìyá tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ we gèlè aláwọ̀ omi.

(Ìyá náà ní ọkọ òun dé láti orí ọkọ̀ tó ń gbé epo ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn, pé àwọn ọlọ́ṣà wọ ọkọ̀ wọn, wọn ò jí i gbé, àmọ́ kò sùn mọ́, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó ní ṣé ó ti pẹ́ jù.)

Màmá, ọdún kan ni òfin sọ, ẹ ṣì ní oṣù méjì, ààyè díẹ̀ sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn fún ẹni tó bá ní ìdí pàtàkì, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká gbára lé ìyẹn. Ti ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn, ṣé ẹnì kankan sọ fún kọ́ńpìnì nígbà yẹn? Ó sọ fún bósùn? Lórí fóònù? Fóònù yẹn ṣì wà? Ẹ dákun ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ nínú ẹ̀. Lọ́la ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìgbà tí ọlọ́ṣà wọ ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ẹ wá bá mi, ẹ mú discharge book ẹ̀ dání, ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn ọkọ̀ tó ti bá ṣiṣẹ́ sí, àti kọ́ńtíráàtì, ẹ mú òun náà wá. A ò ní ti ilẹ̀kùn.